Késárì Tí Ń Bá Ọkàn Ara Rẹ̀ Sọ̀rọ̀

Gbogbo àwa tí a ti ka Ìhìnrere Lúùkù àti Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ni a mọ orúkọ Késárì Augustu, Tiberiu àti Klaudiu. Késárì tí mo fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti fún ẹ̀yin olùkọ́ wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò sí nínú wọn, nítorí pé Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ti kú tipẹ́ kí a tó bí i. Marcus Aurelius ni orúkọ rẹ̀. Ó jọba lórí gbogbo ilẹ̀ Róòmù láti ọdún 161 títí di ọdún 180, ọdún tí ó lo láìsí ogun nínú wọn kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ogun tí ó jà ni ayé fi ń rántí rẹ̀ jù, bí kò ṣe nítorí ìwé kékeré kan tí ó ń kọ sí ara rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, tí ó sì dà bí ẹni pé kò rò ó rí pé ojú ẹlòmíràn yóò kàn án.

Ní ìlú Róòmù ni a bí i, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 121. Ó kéré gan-an nígbà tí baba rẹ̀ kú, nítorí náà ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ àgbà àti ìyá rẹ̀, Domitia Lucilla, ni ó gbé dàgbà. Obìnrin ọlọ́rọ̀ ni ìyá yìí. Òun ni ó ni ibi tí a ti ń ṣe bíríkì lẹ́bàá Róòmù, ó sì gbọ́ èdè Gíríìkì dáadáa. Késárì tí ó wà lórí oyè nígbà náà, Hadrian, fẹ́ràn ọmọ náà púpọ̀. Orúkọ ìdílé ọmọ náà, Verus, túmọ̀ sí olóòótọ́; Hadrian sì fi orúkọ náà ṣe àwàdà, ó ń pè é ní Verissimus, èyíinì ni ẹni tí ó lóòótọ́ jù lọ. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún 12, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí wọ aṣọ ìborùn rírọ̀jú bí ti àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, ó sì ń sùn sórí ilẹ̀. Ìyá èwo ni yóò rí ọmọ rẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, nígbà tí kì í ṣe òṣì ni ó gbé e débẹ̀, tí yóò dákẹ́? Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti sùn sórí ibùsùn kékeré kan tí a fi awọ ẹran tẹ́.

Ó ní olùkọ́ púpọ̀, àti ti Gíríìkì àti ti Róòmù. Méjì nínú wọn ni ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀. Èkíní ni Fronto, tí ó kọ́ ọ ní bí a ti í sọ̀rọ̀ kí ó dùn létí ní èdè Látìn. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni Fronto, láti ìlú Cirta, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlùjíríà lónìí. Àwọn lẹ́tà tí òun àti Marcus kọ sí ara wọn sọnù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí pé àwọn akọ̀wé kan ti ha ọ̀rọ̀ inú wọn nù kúrò lára awọ tí a kọ wọ́n sí, tí wọ́n sì kọ nǹkan mìíràn lé e. Láti ọdún 1815 ni Angelo Mai, olùtọ́jú ìwé kan ní ilẹ̀ Ítálì, ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ohun tí ó rí kà lára awọ náà jáde. Nínú wọn ni a ti rí Marcus ní ọ̀dọ́, tí ń ròyìn ìkórè èso àjàrà, ọ̀fun tí ń dùn ún, àti bí ìyá rẹ̀ ti jókòó sí etí ibùsùn rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Inú ọmọ náà dùn nígbà náà. Mo fẹ́ kí a rántí èyí, nítorí pé a kò ní í rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ìyókù ìtàn yìí.

Olùkọ́ kejì ni Rusticus. Òun ni ó fi ìwé Epictetus lé Marcus lọ́wọ́. Ẹrú ni Epictetus ní ìgbà èwe rẹ̀, ó sì yarọ. Lẹ́yìn tí ó gba òmìnira ni ó di olùkọ́ àwọn ọlọ́gbọ́n tí à ń pè ní Stoiki, irú àwọn tí Pọ́ọ̀lù bá pàdé ní Áténì. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé ohun kan wà ní ìkáwọ́ ènìyàn, òmíràn kò sì sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Àìsàn, òfò, ikú, àti ohun tí ayé ń sọ nípa wa, a kò lè pàṣẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n ojú tí a fi wò wọ́n, tiwa ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọlọ́lá tí yóò di Késárì ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí.

Ní ọdún 138, Hadrian, tí ikú ti sún mọ́, yan Antoninus láti jọba lẹ́yìn rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí Antoninus gba Marcus àti ọmọdékùnrin mìíràn, Lucius, ṣọmọ. Ọmọ ọdún 16 ni Marcus. Wọ́n ní nígbà tí ó gbọ́ pé òun yóò kó lọ sí ààfin, ìbànújẹ́ ni ó mú un, kì í ṣe ayọ̀. Ó gbé lábẹ́ Antoninus fún ọdún 23, ó ń wo bí ènìyàn pẹ̀lẹ́ ti í ṣe ìjọba. Ní ọdún 145 ó fẹ́ Faustina, ọmọ Antoninus, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ arábìnrin baba Marcus fúnra rẹ̀. Ohun tí àṣà tiwa kò gbà, ṣùgbọ́n tí ó tọ́ lójú àwọn ará Róòmù. Nígbà tí Antoninus kú ní oṣù kẹta ọdún 161, Marcus kò fẹ́ gorí ìtẹ́ ní òun nìkan. Ó ní kí Lucius bá òun jọba ní dọ́gbadọ́gba, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní Róòmù.

Láti ìgbà yìí lọ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Odò Tiber kún bo ìlú, ìyàn sì tẹ̀ lé e. Àwọn ará Parthia gbógun dìde ní ìlà-oòrùn. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ogun tí ń padà bọ̀ kó àjàkálẹ̀-àrùn wálé ní nǹkan bí ọdún 166. Láti inú ohun tí Galen, oníṣègùn ńlá ayé ìgbà náà, kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé èyí tí àwọn baba wa kì í fẹ́ dárúkọ ní gbangba ni, tí wọ́n fi ń pè é ní ilẹ̀ gbígbóná. Ó pa ènìyàn ní ìlú àti ní ibùdó ogun. Àrùn náà kò tí ì lọ tí àwọn ẹ̀yà àríwá, Marcomanni àti Quadi, fi rékọjá odò Danube, tí wọ́n sì wọ ilẹ̀ Ítálì títí dé ìlú Aquileia. Owó tán nínú àpò ìjọba. Kàkà kí Marcus bu owó-orí kún ti àwọn tí àrùn ti sọ di aláìní, ó kó ohun ọ̀ṣọ́ ààfin jáde sí gbangba ìta Trajan ní Róòmù, ó sì lù wọ́n ní gbàǹjo: ife wúrà, ère, aṣọ sílíkì aya rẹ̀ pàápàá. Oṣù 2 gbáko ni wọ́n fi ta á.

Ti inú ilé rẹ̀ kò sì sàn ju ti ìta lọ. Ó kéré tán, ọmọ 13 ni Faustina bí fún un. Ní ọdún 161 ó bí ìbejì, ọkùnrin méjèèjì; ọ̀kan kú ní ọmọ ọdún 4, èkejì ni Commodus tí a óò tún dárúkọ. Ní ọdún 169, ọdún náà gan-an tí Lucius kú, ọmọkùnrin mìíràn, ọmọ ọdún 7, kú lẹ́yìn tí àwọn oníṣègùn la kókó kan tí ó wà lábẹ́ etí rẹ̀. Ọjọ́ 5 péré ni baba rẹ̀ fi ṣọ̀fọ̀, nítorí ogun ń dúró dè é. Ó tilẹ̀ jẹ́ òun ni ó ń tu àwọn oníṣègùn náà nínú. Òun fúnra rẹ̀ kò lágbára. Àyà ń dùn ún, inú ń run ún, kò lè fara da òtútù, oúnjẹ díẹ̀ ni ó ń jẹ, ó sì ń lo oògùn kan tí a fi ẹran ejò paramọ́lẹ̀ sí.

Irú ọkùnrin yìí ni ó jókòó nínú àgọ́ ogun lẹ́bàá odò Danube, nígbà tí ó ti súnmọ́ ọmọ 50 ọdún tàbí tí ó ti lé díẹ̀, tí ó mú ìwé, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bá ọkàn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó kọ orúkọ Carnuntum sí ibì kan, ó sì kọ ilẹ̀ àwọn Quadi sí òmíràn, kí a lè mọ̀ ibi tí ó wà. Èdè Gíríìkì ni ó fi kọ ọ́, èdè tí ó fi kẹ́kọ̀ọ́ ọgbọ́n, kì í ṣe Látìn tí ó fi ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ-ogun. Ìpín 12 ni ìwé náà. Kò ní ìtàn ogun nínú, kò sọ iye ọ̀tá tí ó pa, kò sì ròyìn ohun tí ó jẹ tàbí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó bá wá ìròyìn ọjọ́ kan dé ọjọ́ kejì nínú rẹ̀ yóò dà á sílẹ̀ kíákíá. Àṣàrò ni, irú èyí tí ènìyàn fi ń na ọkàn ara rẹ̀ ní pàṣán, tí ó sì tún fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ìpín kìíní ni mo fẹ́ràn jù, òun ni mo sì fẹ́ kí a dúró lé lórí. Ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ 17 ni ó wà níbẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń ṣe: wọ́n ń dárúkọ àwọn tí ó ṣe é lóore, àti ohun tí ó kọ́ lára olúkúlùkù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí baba rẹ̀ àgbà, tí kì í tètè bínú. Ó dárúkọ baba tí kò mọ̀ dáadáa. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀, fún ọwọ́ líla àti jíjẹ oúnjẹ níwọ̀ntúnwọ̀nsì bí ẹni tí kò lówó. Ó dúpẹ́ pé a kò rán òun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n a pe olùkọ́ rere wá sílé. Níbẹ̀ ni èmi kò bá a rìn, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa yóò bá a rìn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Rusticus fún ìwé ẹrú nì. Ohun tí ó kọ fún Antoninus gùn ju ti gbogbo àwọn ènìyàn yòókù lọ. Fronto rí ìlà díẹ̀ gbà, Hadrian tí ó sọ ọ́ di ọmọ ọba kò sì sí níbẹ̀ rárá. A lè rí i pé kì í ṣe ìyìn ààfin ni ó ń kọ. Ó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí kò ṣeé lù ní gbàǹjo.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí a rán mi lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra láàrin àwọn ọmọ kékeré, èmi náà ní ìwé kan tí mo ń kọ nǹkan sí ní alaalẹ́. Orúkọ àwọn ọmọ tí ó mú mi bínú ni mo ń kọ sínú rẹ̀, àti ohun tí wọ́n ṣe. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni inú mi ń burú sí i, títí ó fi dà bí ẹni pé kò sí ọmọ rere kan ní kíláàsì náà. Ìgbà tí mo ka ìpín kìíní yìí ni mo yí ojú ìwé náà padà, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun kan tí mo rí lára ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó dára. Ó ṣòro ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọmọ kan wà tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta wá tirẹ̀ kí n tó rí i.

Nínú àwọn ìpín yòókù, Marcus ń múra ọkàn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń rán ara rẹ̀ létí ní òwúrọ̀ pé òun yóò pàdé aláìmoore, onírera àti onílara ní ọjọ́ náà, kí ó má bàa yà á lẹ́nu; àti pé ẹbí ni òun àti wọn. Ó ń bá ara rẹ̀ jà nítorí pé kò fẹ́ dìde lórí ibùsùn, èyí tí agogo òwúrọ̀ ti jẹ́ kí ó yé àwa náà yékéyéké. Nígbà tí ipò bá fẹ́ gùn ún, ó ń sọ ohun gbogbo ní orúkọ tí ó jẹ́ gan-an: aṣọ elésè àlùkò tí í ṣe àmì oyè rẹ̀, irun àgùtàn tí a rì bọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹran inú ìkarahun ni. Nígbà tí ó bá wù ú láti sá lọ sí oko tàbí etí òkun fún ìsinmi, ó ń rántí pé inú ọkàn òun náà jẹ́ ibi tí òun lè sá sí nígbàkígbà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì ń kọ lákọtúnkọ, lónìí ní ọ̀nà yìí, lọ́la ní ọ̀nà mìíràn, bí ọmọ tí a ní kí ó kọ lẹ́tà kan náà kún síléètì.

Ẹni tí ó bá rò pé èyí sọ ọ́ di aláyọ̀ yóò ṣìnà. Ìwé náà kì í ṣe ti ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn. Àárẹ̀ ààfin hàn nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìbínú àti ọ̀rọ̀ ikú. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni ọkùnrin kan tí ọkàn rẹ̀ ń lọ sí ìsàlẹ̀ ní ojoojúmọ́, tí ó sì ń fà á padà sókè ní ojoojúmọ́.

Ọdún 175 dán an wò. Avidius Cassius, balógun tí ó fi ìlà-oòrùn sí abẹ́ rẹ̀, gbọ́ pé Marcus ti kú, ó sì pe ara rẹ̀ ní Késárì. Nígbà tí ó gbọ́ pé irọ́ ni, kò padà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn oṣù 3 àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ pa á, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ wá fún Marcus. Marcus kọ̀ láti wò ó. Ó ní kí wọ́n lọ sin ín. Ó bẹ ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù kí wọ́n má ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Láìpẹ́ ni Faustina kú lójú ọ̀nà ìrìnàjò wọn ní ìlà-oòrùn. Àwọn kan ń sọ pé òun ni ó ti Cassius lẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ náà wọlé: ó bu ọlá fún un, ó sì ya owó sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àwọn ọmọbìnrin ní orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 176 ó kọjá ní Áténì, ó sì fi owó ìjọba yan àwọn olùkọ́ síbẹ̀ fún ọ̀nà ẹ̀kọ́ ọgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Èmi ìbá fẹ́ kí ìtàn rere náà máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ kò jẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 165, wọ́n mú Justin, Kristẹni tí ó fi ọgbọ́n Gíríìkì gbèjà ìgbàgbọ́ rẹ̀, wá sí iwájú adájọ́ ní Róòmù, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Rusticus ni adájọ́ náà, Rusticus kan náà tí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìpín kìíní. Ní ọdún 177, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé òní, wọ́n pa Pothinus, bíṣọ́ọ̀bù tí ó ti lé ní ọmọ 90 ọdún, pẹ̀lú Blandina, ẹrúbìnrin kan tí ìyà kò lè mú kí ó sẹ́ Olúwa rẹ̀. Gómìnà ibẹ̀ béèrè ohun tí Késárì fẹ́. Èsì tí ó dé ni pé kí a dá àwọn tí ó bá sẹ́ sílẹ̀, kí a sì pa ìyókù. Nínú gbogbo ìwé àṣàrò náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a rí orúkọ àwọn Kristẹni, ní ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò fi ojú rere wò wọ́n, àwọn onímọ̀ kan sì ń jiyàn pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó fi í síbẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ òmìnira lọ́dọ̀ ẹrú kan kò rí ẹrú kejì. Alaalẹ́ ni ó ń yẹ inú ara rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n lẹ́tà Lyon gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá bí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì lásán. Mo ti rò ó títí, n kò sì lè fi oore rẹ̀ bo èyí mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè fi èyí pa oore rẹ̀ rẹ́.

Ní ọdún 177 yìí náà ni ó fi Commodus jẹ Késárì pẹ̀lú ara rẹ̀. Ogun Danube kò tán. Ó padà síbẹ̀, àìsàn sì mú un níbẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 180, ó kú ní ẹni ọdún 58. Wọ́n ní ó fi aṣọ bo orí rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ sùn. Commodus pa ogun tì, ó padà sí Róòmù, ó sì ń wọ agbo jà pẹ̀lú àwọn tí ń fi idà jà fún ìran wíwò, títí wọ́n fi lọ́ ọ lọ́rùn pa ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 192.

Ère idẹ Marcus lórí ẹṣin ṣì wà ní Róòmù. Ọ̀pọ̀ irú ère bẹ́ẹ̀ ni a yọ́ nígbà tí ó yá, kí a lè lo idẹ wọn; èyí bọ́ nítorí pé àwọn ènìyàn rò pé Constantine ni, Késárì tí ó kọ́kọ́ di Kristẹni. Ní ti ìwé rẹ̀, ní ọdún 1559 ni a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ní ìlú Zurich, láti inú ìwé àfọwọ́kọ kan. Lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù. Ẹyọ kan ṣoṣo mìíràn tí ó pé pérépéré wà ní ilé ìkówèésí Vatican.